Kí Ẹ Tó San Owó Fọ́ọ̀mù: Ohun Tí Wọ́n Ń Béèrè fún Graduate Certificate Nínú Forensic Science Lórí Ayélujára

"Ẹ̀gbọ́n, Microbiology ni mo kà, mo fẹ́ ṣe forensic láti ilé. Kí ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi?" Tí kì í bá ṣe ẹni tó ka Microbiology ló bi mí, á jẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ọlọ́pàá, tàbí lọ́yà tí ẹjọ́ dàrú mọ́ lọ́wọ́ nítorí àyẹ̀wò kan tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé fún adájọ́. Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp títí ó fi sú mi. Gbogbo rẹ̀ nìyí lójú kan, fún ẹni tó fẹ́ jókòó sílé ka forensic, ìyẹn fífi sáyẹ́ǹsì wá ẹ̀rí fún ilé ẹjọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni irú ìwé ẹ̀rí yìí pọ̀ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ka ìyókù: àwọn tó ń gbani wọlé kì í kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe wù yín tó. First class gan-an kọ́ ni wọ́n ń wá. Transcript yín, ìwé tí gbogbo kọ́ọ̀sì àti máàkì yín wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, tí wọ́n á máa ṣa kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán.

## Kí lẹ fẹ́ náwó lé lórí gan-an?

Graduate certificate kì í ṣe master's. Ẹni tó ti ní dìgírì àkọ́kọ́ ló wà fún. Ó sábà máa ń jẹ́ kọ́ọ̀sì mẹ́rin sí mẹ́fà, kírẹ́díìtì 12 sí 18, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì lè parí rẹ̀ láàrin ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Èyí tí wọ́n ń polówó lórí Facebook, ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, tí kò béèrè dìgírì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nǹkan míì nìyẹn.

Ohun méjì wà tí mo máa ń sọ fún èèyàn kó tó tọwọ́ bọ àpò:

Kò sí físà nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kì í fúnni ní I-20, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ físà akẹ́kọ̀ọ́, fún ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé orí ayélujára ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì sí F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ náà, láìsí I-20. Kódà, ẹni tó ti wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú F-1 ò lè ka ju kọ́ọ̀sì orí ayélujára kan, ìyẹn kírẹ́díìtì 3, mọ́ iye ẹ̀kọ́ tí òfin ní kó ṣe ní sáà kan. Ejẹ́ǹtì tó bá ní òun máa fi certificate orí ayélujára gbé yín dé Houston, ẹ bi í pé ọkọ̀ wo la fẹ́ wọ̀.

Òun nìkan kò lè sọ yín di òṣìṣẹ́ lábù. Ìlànà tí FBI fi lélẹ̀ fún àwọn lábù tó ń yẹ DNA wò ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó máa ṣe àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ ní dìgírì tó jẹ mọ́ Biology, Chemistry tàbí forensic, kó sì ti ka biochemistry, genetics àti molecular biology, pẹ̀lú statistics tàbí population genetics. Tó bá jẹ́ Accounting lẹ kà, certificate ò ní sọ dìgírì yín di ti sáyẹ́ǹsì. Ó ṣì lè wúlò fún lọ́yà, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, tàbí ẹni tó ń ṣèwádìí fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò. Àmọ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń wá.

Nílé ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní 2017; nígbà rògbòdìyàn oṣù October 2020, wọ́n bà á jẹ́. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ má bàa rò pé àga ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ẹ̀ka, kẹ́ ẹ tó yan ilé ẹ̀kọ́

"Forensic" kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ wo University of Florida ní Gainesville, tó ti ń kọ́ni ní forensic lórí ayélujára láti ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ẹ̀ka àwọn apòògùn. Ọ̀tọ̀ ni certificate tó wà fún májèlé, ọ̀tọ̀ ni ti DNA, ọ̀tọ̀ ni ti oògùn olóró. Ohun tí ẹ̀ka kan ń béèrè lè máà kan èkejì rárá.

- Toxicology àti Drug Chemistry: wíwá májèlé nínú ẹ̀jẹ̀, dídá oògùn olóró mọ̀. Organic Chemistry ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó ní ti lábù. Ẹni tó ka Biochemistry, Pharmacy tàbí Chemistry, ẹ rọra mí.
- DNA àti Serology: yíyẹ ẹ̀jẹ̀ àti omi ara wò láti mọ ẹni tó ni ín. Biology, genetics, biochemistry ni wọ́n ń wá. Microbiology àti Medical Laboratory Science wọ ibí dáadáa.
- Death Investigation: bí wọ́n ṣe ń wádìí ohun tó pa èèyàn. Ilẹ̀kùn ibí yìí sábà máa ń fẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá máa ń rọ́nà gbà.
- Digital forensics: fóònù àti kọ̀ǹpútà. Kò ní í ṣe pẹ̀lú Chemistry. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wá, nígbà míì ó sì máa ń wà lábẹ́ ẹ̀ka Computer Science pátápátá.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè lábù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kàwé látilé kò le: wọn ò lè kọ́ yín bí a ṣe ń di pipette mú lórí Zoom. Wọ́n fẹ́ ìdánilójú pé ẹnì kan ti kọ́ yín níbòmíì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi bírò ka transcript yín

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀.

1. Ẹ wá ẹ̀dà transcript tiyín. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ti tó, kò dìgbà tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ pa.
2. Ẹ ṣí ojú ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ náà kọ ohun tó ń béèrè sí. Ẹ kọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó bá dárúkọ sórí ìwé, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.
3. Ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú transcript. Ẹ kọ kóòdù rẹ̀ àti máàkì yín síwájú rẹ̀. Máàkì D tàbí E, ẹ fi àmì sí i: ilé ẹ̀kọ́ míì kì í ka ohun tó bá rẹlẹ̀ ju C lọ.
4. Níbi tí ẹ ò bá ti rí nǹkan kan, ẹ má pa á tì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa bi yín.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ tiwa nílé. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní yunifásítì wa, practical wà nínú kọ́ọ̀sì, kò ní kóòdù tirẹ̀. Ẹ lọ sí lábù gbogbo ọ̀sán Wednesday fún sáà méjì, ásíìdì jó aṣọ funfun yín, àmọ́ "Organic Chemistry, 3 units" nìkan ló wà lórí transcript. Ará Amẹ́ríkà tó ń kà á ò mọ̀. Ohun tó wà lórí ìwé ló rí.

Oògùn rẹ̀: ẹ lọ bá ẹ̀ka yín fún àlàyé kọ́ọ̀sì, èyí tó wà nínú handbook ti ọdún tẹ́ ẹ ṣe é gan-an. Kí HOD tẹ sítáǹbù sí ojú ìwé tó sọ pé practical wà níbẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ skáànù rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Mo ti rí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dá padà tí wọ́n tún gbà lẹ́yìn tó fi ojú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́.

Tí kọ́ọ̀sì kan bá ṣaláìsí lóòótọ́, ẹ kọ ìmeèlì sí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má kọ ìtàn. Irú èyí tó: "Mo ní B.Sc. Botany. Mo ti ka Organic Chemistry (B) àti Genetics (A). N kò ka Biochemistry. Ṣé mo lè wọlé, àbí kí n kọ́kọ́ lọ kà á?" Wọ́n máa ń dáhùn. Ẹ tọ́jú èsì náà, ẹ̀rí ni.

## Ìgbésẹ̀ 3: Máàkì: ẹ má ṣe ìṣirò fúnra yín

3.0 nínú 4.0 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè. Àwọn míì á gba ohun tó rẹlẹ̀ díẹ̀ bí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe bá dára, àwọn kan sì máa ń wo kìkì ọdún méjì tó gbẹ̀yìn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn èèyàn wa máa ń mú 3.5 lórí 5, wọ́n á ṣe ìṣirò rẹ̀ sí 2.8 lórí 4, wọ́n á sì sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò máa ń wo máàkì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ pé A ni 70 jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí 70 lọ́dọ̀ tiwọn kò ju C lọ. Ẹni tó ní second class lower náà, kó má tíì ju ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá jáde ní Ibadan nígbà tí wọ́n ń lo òṣùwọ̀n 7, kó rí i dájú pé àlàyé òṣùwọ̀n náà wà lẹ́yìn transcript.

Tó bá jẹ́ HND lẹ ní, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan á gbà á, òmíràn ò ní kà á sí dìgírì. Ìmeèlì kan ṣoṣo ló máa já a.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé ilé ẹ̀kọ́ gidi ni?

Ẹ lọ sí ìkànnì DAPIP, àkójọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, ti Ẹ̀ka Ìjọba Amẹ́ríkà fún Ètò Ẹ̀kọ́, tàbí ti CHEA, àjọ tó ń rí sí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí àjọ tó fọwọ́ sí i, bíi SACSCOC fún àwọn ti Florida àti Texas, tàbí HLC fún àwọn ti Oklahoma. Tẹ́ ẹ bá wá a tì, ẹ pa fóònù dé.

Àwọn kan máa ń béèrè FEPAC, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ forensic wò. Dìgírì ló sábà máa ń yẹ̀ wò, torí náà tẹ́ ẹ ò bá rí certificate yín níbẹ̀, ìyẹn nìkan ò sọ pé jìbìtì ni.

## Ìgbésẹ̀ 5: Transcript lílẹ̀ àti evaluation

Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí ó kéré tán oṣù mẹ́rin ṣáájú. Mi ò ṣàwàdà. Sáà ẹ̀kọ́ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní August, January àti May, gbèdéke fọ́ọ̀mù sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ bíi WES tàbí ECE yẹ ìwé yín wò. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó kàn sọ pé dìgírì yín jẹ́ dìgírì, àti èyí tó tò ó ní kọ́ọ̀sì-kọ́ọ̀sì. Course-by-course ni kẹ́ ẹ san. Ẹ rántí pé kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá. Èyí tó dín owó díẹ̀ kò ní wúlò, ẹ ó sì tún san òmíràn.

Transcript gbọ́dọ̀ ti yunifásítì lọ tààrà. Ọdún kan, àbúrò ìyàwó mi gba tirẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, sítáǹbù pupa wà lójú ibi tí wọ́n lẹ̀. Ó délé, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá orúkọ òun pé. Ó rọra fi ooru omi gbígbóná ṣí i. Ó pé lóòótọ́! Àmọ́ sítáǹbù ti ya sí méjì, ó sì padà lọ san owó, ó tún tò. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Orúkọ. Tí pásípọ́ọ̀tù bá ń jẹ́ Oluwaseun, tí transcript ń jẹ́ Seun, tàbí tí ìyàwó ilé bá fi orúkọ bàbá rẹ̀ kàwé tó sì fi ti ọkọ ṣe pásípọ́ọ̀tù, ẹ ṣètò àfídáfíìtì àti ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìròyìn tó kéde ìyípadà orúkọ. Fọ́ọ̀mù, evaluation, ìdánwò èdè: orúkọ pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ lò lórí gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ará wa láti Kétu, Pọ̀bẹ̀ tàbí Sábẹ̀ ní Benin Republic tẹ́ ẹ kàwé ní èdè Faransé: ẹ máa nílò ìtumọ̀ ìwé yín látọwọ́ ògbufọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ tún béèrè ní kùtùkùtù nípa licence, dìgírì àkọ́kọ́ tiyín tó jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, torí ilé ẹ̀kọ́ míì á fẹ́ ọdún mẹ́rin.

## Ìgbésẹ̀ 6: Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda yín. Ilé ẹ̀kọ́ kan á gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa, á béèrè lẹ́tà látọ̀dọ̀ yunifásítì. Òmíràn á ní Nàìjíríà ò sí nínú ìwé tòun, àfi kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò. Níbẹ̀, IELTS 6.5 tàbí TOEFL 80 lórí òṣùwọ̀n 120 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Èsì méjèèjì kì í wúlò ju ọdún méjì lọ. Ẹ má sáré ṣe ìdánwò ọ̀wọ́n tí wọn ò tíì béèrè.

Ní ti GRE, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ certificate kò nílò rẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ.

## Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́tà àti àlàyé ara yín

Àwọn kan kò béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí kankan, àwọn kan fẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó mọ̀ yín nínú lábù tàbí lẹ́nu iṣẹ́ dára ju pásítọ̀ tàbí kọ́ńsẹ́lọ̀ lọ. Ẹ bá Prof sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo ìmeèlì yunifásítì, kì í ṣe Yahoo. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ wọn sí i, ẹ pè wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo spam yín." Inú spam ni línkì tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí wọn máa ń wà.

Ní ti àlàyé tẹ́ ẹ máa kọ nípa ara yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn fíìmù ọlọ́pàá." Wọ́n ti kà á títí ó fi rùn. Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe. Nọ́ọ̀sì kan fi èyí bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ wá, pé wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ẹ̀rí ni wọ́n ń fi omi fọ̀ lọ. Ìlà mẹ́ta péré. Kò sí ẹni tó tún bi í pé kí ló dé tó fẹ́ kà á.

## Ìgbésẹ̀ 8: Sísanwó àti fífi ránṣẹ́

Owó fọ́ọ̀mù sábà máa ń wà láàrin dọ́là 30 sí 100, wọn kì í sì í dá a padà. Ẹ dán káàdì yín wò ṣáájú. Káàdì náírà máa ń kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ gbèdéke gẹ́lẹ́; káàdì àkáǹtì dọ́là ló dájú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú green card tàbí tẹ́ ẹ ti di ọmọ ìlú, ẹ béèrè bóyá certificate náà wà lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yáni lówó lé lórí, kẹ́ ẹ sì kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ owó náà. Kì í ṣe gbogbo certificate ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà kò lè lo èyí.

Ẹ tún béèrè nípa ìdánwò. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi kámẹ́rà ṣọ́ni. Tí kámẹ́rà bá kú láàrin ìdánwò, àlàyé ló kù. Ẹ má gbé e lé NEPA.

## Àṣìṣe tí mo ń rí ṣáá

- Statement of result ni wọ́n fi ránṣẹ́ dípò transcript.
- Wọ́n yan certificate ti undergraduate láìmọ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "graduate" lójú ìwé.
- Wọ́n jẹ́ kí ejẹ́ǹtì fi ìmeèlì tirẹ̀ ṣí àkáǹtì fọ́ọ̀mù. Lẹ́tà ìgbàwọlé dé, wọn ò mọ̀.
- Wọ́n rò pé certificate á di master's fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ míì máa ń gbé kírẹ́díìtì rẹ̀ wọ master's tiwọn, àmọ́ iye rẹ̀ ní ààlà, ẹ ó sì tún kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Ẹ gba èyí ní àkọsílẹ̀.

## Tí wọn ò bá gbà yín

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ kọ ìmeèlì béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì kan ni, ẹ lè kà á ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ padà wá. Àwọn kan máa ń gba èèyàn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá fún dìgírì: ẹ ka kọ́ọ̀sì kan, ẹ gba B nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi máàkì yẹn bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba, ẹ wo PGCert, irú certificate yìí lọ́dọ̀ tiwọn. Kírẹ́díìtì 60 ni nínú ètò tiwọn, ìdá kan nínú mẹ́ta MSc tó jẹ́ 180. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn wé ti Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ni.

## Kẹ́ ẹ tó tẹ "Submit"

- [ ] Ẹ̀ka tí mo yàn bá kọ́ọ̀sì tó wà lórí transcript mi mu
- [ ] Ìwé HOD fún practical ti wà lọ́wọ́
- [ ] Evaluation course-by-course ti parí, tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní kò pọn dandan
- [ ] Orúkọ kan náà ni lórí gbogbo ìwé
- [ ] Èsì ìmeèlì wọn lórí èdè àti HND ti wà nínú fóldà
- [ ] Àwọn tó máa jẹ́rìí ti gbà pé àwọn rí línkì
- [ ] Ìmeèlì tèmi ni mo fi ṣí àkáǹtì

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí "transcript not received" ṣì wà lójú ìwé yín, ẹ má dúró. Ẹ fi nọ́ńbà tí DHL tàbí EMS fún yín ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ti wà ní yàrá ìwé wọn. Ẹni tó máa so ó mọ́ orúkọ yín ni kò tíì rí i.